Houston, Alief, Fort Bend tàbí Katy: ISD wo ló yẹ olùkọ́, àdúgbò wo ló yẹ ẹbí rẹ̀?

Owó ìbẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ tó ń kó bọ̀ ní Houston máa ń kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ náà sì ni ìṣirò ti máa ń wọ́. Ní ISD (Independent School District, àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó dá dúró) mẹ́rin tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà káàkiri ní apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ìyẹn Houston ISD, Alief, Fort Bend àti Katy, owó ọdún olùkọ́ tuntun ti lé ní 60,000 dọ́là níbi gbogbo. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ, owó orí ilé àti owó tóòlù sì lè gbé ẹgbẹ̀rún mélòó kan yẹn mì láìgbin. Ohun méjì ló yẹ kéèyàn fi wọ́n wéra: bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí olùkọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì, àti iye tó máa ná an láti gbé nítòsí.

Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nílé ní láti yọ TESCOM kúrò lọ́kàn ná. Nílé, ọ́fíìsì kan ṣoṣo lè gbé èèyàn láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn. Ní Texas, ISD kọ̀ọ̀kan ló dá dúró: ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, owó orí tirẹ̀ àti ààlà tirẹ̀, òun ló sì ń gba olùkọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní ọ̀kan lọ sí èkejì, lẹ́tà tuntun ló máa kọ. Àmọ́ láàárín ISD kan náà, wọ́n lè gbé olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ sí òmíràn, torí pé ISD ni ìwé àdéhùn sábà máa ń so èèyàn mọ́. Pírínsípà tó fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò kọ́ ló ni yín.

Ààlà ISD kì í ṣe ààlà ìlú

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ilé tí wọ́n kọ "Houston, TX" sí lè wà lábẹ́ Alief, Fort Bend tàbí Katy ISD. Èyí tí wọ́n kọ "Richmond" sí lè jẹ́ ti Lamar, ISD mìíràn, tàbí ti Fort Bend. Èyí tí wọ́n kọ "Katy" sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Cy-Fair, ISD mìíràn, ló ni ín. Ẹni tó bá buwọ́ lùwé ilé torí pé ẹni tó ń fi ilé hàn án sọ pé "Katy ni", inú oṣù kẹjọ, nígbà tó bá mú ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀, ni yóò mọ̀ pé Katy ti àdírẹ́sì lẹ́tà ni, kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ lọ sí ojú-ewé ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé ní kọ́ńtì náà (HCAD fún Harris, FBCAD fún Fort Bend), kí ẹ tẹ àdírẹ́sì ilé náà síbẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń gba owó orí lórí ilé yẹn máa tò sílẹ̀: kọ́ńtì, ìlú, ISD, àti MUD (àjọ omi àti gọ́tà àdúgbò) tó bá wà. Orúkọ ISD tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́. Katy ISD nìkan wọ kọ́ńtì mẹ́ta, Harris, Fort Bend àti Waller, nítorí náà orúkọ kọ́ńtì kò tó láti fi mọ̀ ọ́n.

Houston ISD: aago ló ń darí kíláàsì

Òun ló tóbi jù ní Texas, ọmọ bíi 170,000. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2023, ìpínlẹ̀ ló ń darí rẹ̀ nípasẹ̀ TEA, àjọ ètò ẹ̀kọ́ Texas, lẹ́yìn tí Wheatley High School ti ń gba máàkì burúkú léraléra nínú ìgbéléwọ̀n ìpínlẹ̀. Wọ́n gba agbára lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, wọ́n yan èèyàn mẹ́sàn-án dípò wọn, wọ́n sì fi Mike Miles ṣe ọ̀gá àgbà. Ní 2025, TEA sún àkókò náà síwájú di 2027.

Miles ló gbé ètò NES (New Education System) wá. Ilé-ẹ̀kọ́ 85 ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní 2023, ó di 130 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ níbẹ̀ rèé. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti wà lórí sílàìdì kí olùkọ́ tó dé, aago sì wà lójú pátákó. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin tàbí bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mú kí gbogbo ọmọ dáhùn nǹkan kan: kí wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó pélébé kí wọ́n gbé e sókè, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, ìdánwò kékeré tí wọ́n ń pè ní DOL ló kàn. Ọmọ tó bá yege a bọ́ sí yàrá tí wọ́n ń pè ní team center láti lọ ṣe iṣẹ́ tó le sí i (ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, yàrá ìkàwé ni yàrá yẹn tẹ́lẹ̀). Ẹni tí kò bá yege a dúró, kí olùkọ́ tún un kọ́. Gbogbo èyí wáyé láàárín kíláàsì kan, ọ̀gá sì lè wọlé nígbàkúgbà láti wá wò ó, kó ní bébà ìgbéléwọ̀n lọ́wọ́.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Kò sí pé à ń kọ nóòtù ẹ̀kọ́ di òru, olùkọ́ NES ń gba ju ojúgbà rẹ̀ tí kò sí nínú ètò náà lọ, iye rẹ̀ sì tún dá lórí kíláàsì àti iṣẹ́ tó ń kọ́. Nínú máàkì tó jáde ní oṣù kẹjọ 2025, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ HISD kankan tó gba F. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó mọ ibi tó yẹ kóun dúró pa ìtàn fún àwọn ọmọ kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ wọ́n létí, aago yẹn máa fún un lọ́rùn. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tó sì nílò ẹni tó máa di òun lọ́wọ́ mú, lè fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ HISD ló wà nínú NES, nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ fún pírínsípà ni: "Ṣé NES ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ṣé wọ́n sì ti sọ pé ó máa di NES lọ́dún tó ń bọ̀?"

Alief: èdè ọgọ́rin, ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀

Alief kéré sí HISD púpọ̀, ọmọ tó wà níbẹ̀ wà ní àyíká 40,000. Inú ìlú Houston ló pọ̀ sí, yí títì Beltway 8 ká. Àdúgbò Bissonnet wà nítòsí, níbi tí èèyàn ti ń rí ẹ̀bà, ẹ̀wà àgànyìn àti àwọn tó ń rán aṣọ òfì. Èdè tí àwọn ọmọ ń sọ nílé lé ní ọgọ́rin, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ilé yíyá níbẹ̀ rọrùn ju ti Katy àti Sugar Land lọ, bọ́ọ̀sì METRO sì ń kọjá, tó jẹ́ nǹkan ńlá fún ẹni tí kò tíì ra ọkọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà ní oṣù kẹjọ kọ́ lẹ máa bá níbẹ̀ ní oṣù kejì. Ọ̀pọ̀ òbí ń gbé ilé ìyálégbé. Bí owó ilé bá gbówó lórí, wọ́n á kó lọ síbòmíràn, ọmọ tuntun á sì wọlé láàárín táàmù láti Guatemala, Afghanistan tàbí Èkó. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa jìyà. Ẹ ti ṣe ìdánwò ESL, ti kíkọ́ ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè rẹ̀ (TExES 154), kí ẹ tó wá. Òun ni wọ́n máa ń béèrè. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan ara rẹ̀: owó àfikún tí wọ́n ń san fún olùkọ́ elédè méjì, ti ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí bilingual ni, Sípáníìṣì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbígbọ́ Yorùbá máa ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìyá ọmọ bá wá sílé-ẹ̀kọ́, kò ní hàn nínú owó oṣù.

Fort Bend: ISD kan, ojú méjì

Fort Bend ISD jẹ́ àpapọ̀ ISD Missouri City àti ti Sugar Land, tí wọ́n so pọ̀ ní 1959. Títí dòní ìlà yẹn ṣì hàn. Ọmọ bíi 80,000 ló ní, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń kún àkúnya nígbà tí àga ń ṣófo níbòmíràn. Ibi tí àga bá ti ṣófo, ọ̀rọ̀ pípa ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ tàbí títún ààlà fà kì í jìnnà. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó bá fẹ́ ra ilé nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ kan pàtó ní Fort Bend fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ ISD fún ọdún kan sẹ́yìn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Bí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn bá ń jẹ yọ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ààlà, ẹ yá ilé gbé ná.

Stafford MSD, àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ bíi ISD, wà láàárín Missouri City àti Sugar Land, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í rántí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò tó 5,000, a ó sì rí ìdí tí nọ́ńbà yẹn fi ṣe pàtàkì nísàlẹ̀.

Katy: ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, owó orí tuntun

Katy ń dàgbà, ọmọ rẹ̀ ti ń sún mọ́ 100,000, wọ́n sì ń ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Fún ẹni tó ń wá iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣí ní oṣù kẹjọ dára púpọ̀: àyè púpọ̀ ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí àgbà olùkọ́ tó máa sọ pé àga òun lẹ jókòó lé. Wọ́n máa ń ti yan pírínsípà rẹ̀ tipẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣí, òun lẹ máa kọ̀wé sí. Àwọn òbí Katy ń fojú sí máàkì ọmọ wọn bí ẹni ń wo owó ní báǹkì. Ìmeèlì nípa máàkì méjì tó dín lè wọlé kí ẹ tó délé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìyẹn, kó ronú.

Ilé ẹlẹ́wà kò túmọ̀ sí owó oṣù tó pọ̀. Legacy Stadium tí Katy ISD ṣí ní 2017 jẹ owó tó lé ní 70 mílíọ̀nù dọ́là, àwọn èèyàn sì ń béèrè ìdí tí wọn kò fi fi san owó olùkọ́. Òfin kò gbà á ni. Apá méjì ni owó orí ISD pín sí: I&S ni wọ́n fi ń san gbèsè bọ́ǹdì tí wọ́n fi kọ́lé, M&O ni wọ́n fi ń san owó oṣù àti iná. Owó I&S kò lè kọjá sínú M&O. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó oṣù máa gòkè, M&O ni kí ẹ wò, kí ẹ sì wò bóyá ará ìlú fọwọ́ sí i nínú ìdìbò láti gbé e sókè.

| | Iṣẹ́ inú kíláàsì | Gbígbé nítòsí | Ẹni tó bá mu |
|---|---|---|---|
| Houston ISD | NES: wọ́n ti ṣètò gbogbo rẹ̀, níbòmíràn, àyè wà díẹ̀ | Ó yàtọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò, bọ́ọ̀sì wà | Ẹni tó fẹ́ owó kíákíá, tí kò kọ aago |
| Alief | ESL ló gbòde | Ilé yíyá rọrùn | Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ní sùúrù |
| Fort Bend | Ó dá lórí apá tí ẹ bá wà | Ọkọ̀ pọn dandan | Ẹni tó ní ọmọ, tó lè fara balẹ̀ wá ibi tó dára |
| Katy | Òbí ń ṣọ́ máàkì | Owó orí MUD wúwo ní àdúgbò tuntun | Ẹni tó ti ní ìrírí |

Owó tí kì í hàn nínú lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́

Texas kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù. Àmọ́ TRS, àjọ owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́, ń yọ 8.25%. Lórí 64,000 dọ́là, 5,280 ni lọ́dún, 440 lóṣù. Ọ̀pọ̀ ISD Texas kì í san Social Security (owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀) fún olùkọ́, torí náà TRS yìí ni ìfẹ̀yìntì yín. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ló tó di ẹ̀tọ́ yín. Ìṣirò rẹ̀: ọdún iṣẹ́ ní ìlọ́po 2.3%, lórí ìpíndọ́gba owó ọdún márùn-ún tó ga jù. Ogún ọdún jẹ́ 46%. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ 65,000, 29,900 dọ́là lọ́dún nìyẹn. Ẹni tó ti san Social Security níbi iṣẹ́ mìíràn kò ní pàdánù apá kan rẹ̀ mọ́ nítorí TRS: òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2025 ti fòpin sí ìyẹn. Bí ẹ bá ń lọ láti ISD kan sí òmíràn ní Texas, TRS yín ń tẹ̀ lé yín, ìsinmi ìpínlẹ̀ ọjọ́ márùn-ún lọ́dún tí ẹ kò lò náà ń tẹ̀ lé yín. Ìsinmi tí ISD fúnra rẹ̀ fún yín lè má tẹ̀ lé yín.

Òfin 2025 fi owó kún owó olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí ọdún ìrírí rẹ̀. Ní ISD tí ọmọ rẹ̀ ju 5,000 lọ, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin jẹ́ 2,500 dọ́là, márùn-ún sókè jẹ́ 5,000. Ní èyí tí kò ju 5,000 lọ, 4,000 àti 8,000 ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí à ń fi wéra wà nínú ẹ̀yà àkọ́kọ́. Stafford wà nínú èkejì. Ẹni tó bá ní ìrírí ọdún márùn-ún, kó fi 3,000 yẹn sínú ìṣirò.

TIA tún wà, owó ìpínlẹ̀ fún olùkọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú. Láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 títí di 2025, ipò mẹ́ta rẹ̀, Recognized, Exemplary àti Master, máa ń mú láti 3,000 dé 32,000 dọ́là wá lọ́dún, òfin 2025 sì gbé e sókè sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: iye náà pọ̀ sí i níbi tí àwọn ọmọ bá ti tálákà jù. Olùkọ́ kan náà, ipò kan náà, owó rẹ̀ lè pọ̀ gan-an ní ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò òtòṣì ju ti àdúgbò olówó lọ. Ẹ bi wọ́n: ṣé TEA ti fọwọ́ sí ètò TIA yín fún iṣẹ́ tí mò ń kọ́? Àwọn ISD kan fọwọ́ sí ti ìṣirò àti kíkà nìkan.

Fún ìbánigbófò ìlera lábẹ́ TRS-ActiveCare, ó kéré tán 225 dọ́là lóṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá olùkọ́ san. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta yóò rí i pé 225 kò dé ibì kankan. Ẹ béèrè iye tí ISD fi kún un, kí ẹ sì béèrè ti ẹbí, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ilé: ẹ ṣírò owó orí kí ẹ tó wo kíṣìnì

MUD ni àjọ tó ń pèsè omi àti gọ́tà fún àdúgbò tí ìlú kò gbà sínú ara rẹ̀. Ó ń gba owó orí tirẹ̀, ó sì máa ń ga jù nígbà tí àdúgbò ṣì tuntun, torí gbèsè páìpù ni wọ́n ń san. Ẹ mú ilé 300,000 dọ́là: bí àpapọ̀ owó orí bá jẹ́ 2.1%, 6,300 ni lọ́dún. Bí MUD bá sọ ọ́ di 3%, 9,000 ni. Ìyàtọ̀ 2,700, ìyẹn 225 lóṣù, ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ẹ rò pé ẹ fi ju ẹni tó lọ sí ISD kejì lọ. Ẹni tó bá ń gbé inú ilé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè homestead exemption (fọ́ọ̀mù 50-114). Ó yọ 140,000 dọ́là kúrò nínú iye tí ISD ń gba owó orí lé lórí. Kì í wá fúnra rẹ̀.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ omi. Ní oṣù kẹjọ 2017, ìjì Harvey jẹ́ kí omi Barker Reservoir kún wọ ilé ní apá kan Katy, àwọn kan kò sì mọ̀ pé inú ibi tí omi yẹn máa ń kó sí ni wọ́n kọ́lé wọn sí. Meyerland, ní HISD, ri ní 2015, 2016 àti 2017.

Ti ọmọ yín náà: ọ̀pọ̀ ISD ń gba ọmọ òṣìṣẹ́ wọn bí ẹ kò tilẹ̀ gbé inú ààlà wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ FDA (LOCAL) lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí lè mú kí ẹ gbé ibi tí ilé ti rọrùn, kí ọmọ máa bá yín lọ. Ẹ wò ó bóyá ọdọọdún ni wọ́n ń tún un fọwọ́ sí.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé

Ní Texas, olùkọ́ tó ti buwọ́ lu àdéhùn lè fiṣẹ́ sílẹ̀ láìsí wàhálà títí di ọjọ́ 45 ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́. Bí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni ìpẹ̀kun. Ẹni tó bá sá lọ lẹ́yìn ìyẹn láìgba àṣẹ, láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà nínú ewu. Nítorí náà ẹ má buwọ́ lu ti Alief ní oṣù kẹrin tí ẹ bá ń retí Katy títí di oṣù keje.

Ẹ béèrè nípa àkókò ìmúrasílẹ̀. Òfin fún olùkọ́ ní ìṣẹ́jú 450 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ ọ̀sán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí iṣẹ́, kíláàsì láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kẹrin kò sì gbọ́dọ̀ ju ọmọ 22 lọ àyàfi bí wọ́n bá gba àyè. Ẹ bi pírínsípà pé lẹ́ẹ̀mélòó ni ìpàdé ń jẹ nínú ìṣẹ́jú yẹn lọ́sẹ̀, ta ló sì ń gba kíláàsì bí olùkọ́ kan kò bá wá. Kí ẹ sì wo TAPR, ìròyìn ọdọọdún ti TEA: ó ń fi iye ọdún ìrírí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan hàn, àti iye àwọn tó ń fi ISD náà sílẹ̀. Bí ìdajì olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan bá jẹ́ ọdún àkọ́kọ́, èèyàn ń sá níbẹ̀.

Fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé: NCE nìkan kò tó, dígírì ló pọn dandan, iléeṣẹ́ tí TEA fọwọ́ sí ló sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọdún iṣẹ́ tó ní òǹtẹ̀ kí ẹ tó kúrò; wọ́n lè fi gbé owó yín sókè, gbígbà á láti Houston sì máa ń le. Ẹ má sì gbára lé ISD fún físà iṣẹ́ H-1B láti Nàìjíríà: láti oṣù kẹsàn-án 2025, àṣẹ ààrẹ Amẹ́ríkà fi 100,000 dọ́là lé ìbéèrè tuntun fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi.

Owó oṣù àkọ́kọ́ lè má wọlé títí ìparí oṣù kẹsàn-án, nítorí náà ẹ ní owó ilé oṣù méjì lọ́wọ́. Kí ẹ tó san ti àkọ́kọ́, ẹ wa ọkọ̀ láti ilé náà dé ilé-ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun, aago 6:15, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ti oṣù keje kò kà, títì ń ṣófo. Ẹni tó ń gbé Alief tó ń ṣiṣẹ́ ní Katy ń wakọ̀ jáde nígbà tí gbogbo ayé ń wọ Houston bọ̀ lórí I-10. Ẹni tó ń gbé Katy tó ń ṣiṣẹ́ ní HISD wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yẹn ní àárọ̀, á tún bá a nígbà tó bá ń padà sílé.